Ìkòkò Tí Kì í Sọ̀ Kalẹ̀

Àwọn ìyá ìjọ wa ló fọ ìkòkò ọkọ mi. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹni tó bá ń kà á má baà rò pé ọlọ́ṣà ló wọlé wa tàbí pé ilé jó. Wọ́n fi kànìnkànìn onírin fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán, wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì, wọ́n sì gbàdúrà sí ilé ìdáná mi. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Bí mo bá sì rántí ẹ̀ títí di òní, inú ṣì máa ń bí mi.

Ọkọ mi kì í ṣe Yorùbá. Ọmọ Guyana ni, ilẹ̀ kan tó wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà létí òkun, níbi tí àwọn òyìnbó kó àwọn baba ńlá ẹ̀ lọ láti ṣẹrú nínú oko ìrèké. Bí mo bá sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé Guyana ni, wọ́n á ní, "Ẹn-ẹ́n, Ghana." Mo tún un sọ títí ó fi sú mi. Ọmọ Ghana ni wọ́n ṣì ń pè é. Òun máa ń rẹ́rìn-ín ni, á ní kò burú, ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti jí àwọn kó lóòótọ́.

Ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ilẹ̀ wa ní Blanchardstown, nílùú Dublin tí à ń gbé nílẹ̀ Ireland, la ti pàdé. Ó ń bá ọlọ́jà jiyàn lórí zobo. Ó ní sorrel lorúkọ ẹ̀, pé ìgbà Kérésìmesì ni wọ́n ń mu ún, pẹ̀lú atalẹ̀ àti kànáfùrù. Èmi ni mo tò sẹ́yìn ẹ̀, ibi iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀, ẹsẹ̀ ń ro mí. Mo ní zobo ni, ìgbà tó bá wu èèyàn ló ń mu ún, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sanwó ká lè máa lọ sílé. Ó bojú wẹ̀yìn, ó bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n sè. Àwa méjèèjì ti dàgbà nígbà yẹn. Ọkọ tí mo kọ́kọ́ fẹ́ ti fi èmi àti ọmọbìnrin kan sílẹ̀ lọ, ìyàwó tiẹ̀ sì ti kú sí London. A bẹ̀rẹ̀ sí í jọ se nǹkan, a jọ ń jẹ ẹ́, nígbà tó yá a ṣègbéyàwó.

Oúnjẹ wọn ò jìnnà sí tiwa, ìyẹn ló kọ́kọ́ tàn mí jẹ. Wọ́n ń gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ lódó, fufu ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń se ìrẹsì pọ̀ mọ́ ẹ̀wà nínú omi àgbọn. Wọ́n ní ohun mímu kan tí wọ́n ń fi èèpo igi sè, mauby lorúkọ ẹ̀, ó korò bí àgbo ibà, wọ́n wá da ṣúgà sí i. Mo ní àgbo ni. Ó ní rárá, ohun ìtura ni. Mo ní ìtura wo ló ń jẹ́ kí èèyàn fa ojú ro báyìí.

Àmọ́ pepperpot ni olórí gbogbo wọn. Òun ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀ ọjọ́ Kérésìmesì, pẹ̀lú búrẹ́dì tí wọ́n dì bí ẹni dirun. Ẹran màlúù àti ẹsẹ̀ ẹ̀ ni, pẹ̀lú ata, kànáfùrù, èèpo ọsàn, àti èèpo igi olóòórùn dídùn kan. Ohun tó sọ ọ́ di pepperpot ni cassareep, omi dúdú kan tó ki bí oyin. Ọjọ́ tó sọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe é fún mi, mo gbé ṣíbí sílẹ̀. Omi ẹ̀gẹ́ ni. Omi tí àwa máa ń fún dànù tí a bá fẹ́ yan gàrí, tí ìyá ìyá mi máa ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ẹ̀ nítorí pé ewúrẹ́ tó bá mu ún á kú. Àwọn ará Guyana kì í dà á nù. Wọ́n á sè é títí, oró inú ẹ̀ á tán, á di dúdú, á sì dùn. Ọbẹ̀ tí wọ́n bá fi sè kì í bàjẹ́.

Kì í bàjẹ́ o, bí ẹ bá ń gbé e kaná. Àràárọ̀ ni, kó sì hó dáadáa. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ki ṣíbí tó ti kan ẹnu tàbí tó ti kan oúnjẹ mìíràn bọ inú ẹ̀. Bó bá ń lọ sílẹ̀, ẹ ó fi ẹran tuntun àti cassareep díẹ̀ kún un, ẹ ó sì máa bá a lọ. Kì í wọ fíríìjì. Ọkọ mi ní ìkòkò ìyá ìyá òun dàgbà ju òun lọ. Ọ̀rọ̀ yìí yé mi ju bó ṣe rò lọ, torí ilé tí kò ní fíríìjì ni wọ́n bí mi sí, gbígbé ọbẹ̀ kaná sì wà lára iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi. Ṣùgbọ́n tiwa, a ó jẹ ẹ́ tán, a ó fọ ìkòkò. Ìkòkò tí wọn kì í fọ̀ ni mi ò rí rí.

Kérésìmesì àkọ́kọ́ tí a jọ ṣe nílé wa ní Corduff ló bẹ̀rẹ̀ tiwa. Láti ìgbà náà, kò ṣófo rí. Bó bá ti jí, kó tó bọ́jú, kó tó gbàdúrà pàápàá, ìdí sítóòfù ló ń lọ. Èmi á ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, òórùn kànáfùrù á gun àtẹ̀gùn wá bá mi. Nígbà tí mo bá sọ̀ kalẹ̀, dípò ẹ káàárọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà la máa ń bi ara wa: ṣé o ti gbé e kaná? A ò lè jọ rìnrìn àjò. Nígbà tí mo lọ sìnkú ìyá mi ní Ìbàdàn, òun ló dúró ti ìkòkò. Nígbà tó lọ kí àbúrò ẹ̀ ní London, èmi ni. Inú bí mi lọ́jọ́ kan, mo ní ìkòkò yìí ni ìyálé mi nínú ilé yìí. Ó ní rárá, ọmọ wa ni. A ti kọjá ọmọ bíbí nígbà tí a fẹ́ra, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ mí lára. Mi ò tún bú ìkòkò mọ́.

Ìdí ìkòkò náà la ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ọkọ mi. Ó gbé e kaná láàárọ̀, ó tún gbé e kaná kí n tó jẹun tán, ó wá bi mí bóyá a ti gbé e kaná. Mo kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, èéfín ni mo ń bá nínú ilé, ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ iná lórí àjà á máa ké, òun á sì jókòó jẹ́jẹ́ ní pálọ̀ bí ẹni pé ilé ẹlòmíì ló ń jó. Dókítà ní ọpọlọ ẹ̀ ló ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, pé kò sí òògùn ẹ̀. Mo gbààwẹ̀. Gbogbo ìjọ gbàdúrà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: kò sí nǹkan tó yí padà, àfi pé ó ń gbàgbé sí i.

Ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Blanchardstown, nígbà tó sì tó àkókò láti tú u sílẹ̀, wọ́n ní kò lè gbélé mọ́. Ilé ìtọ́jú àgbà tó ní àyè wà ní Dún Laoghaire, òdìkejì ìlú pátápátá sí wa. Bọ́ọ̀sì ni mo máa ń wọ̀ lọ sáàárín ìlú, kí n tó wá wọ reluwé tó ń gba etí òkun. Ó kéré tán, fèrèsé yàrá ẹ̀ kọjú sí omi. Etí òkun ni ìlú tiwọn ní Guyana náà wà, wọ́n mọ ògiri gígùn kan tí kò jẹ́ kí òkun wọlé bá wọn. Nígbà tí ara ẹ̀ ṣì le, a máa ń wá rìn lórí afárá olókùúta gígùn tó wọ inú òkun ní Dún Laoghaire lọ́jọ́ Sunday, á fa atẹ́gùn símú, á ní òun ti délé.

Kò jẹ oúnjẹ tí wọ́n ń fún un níbẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ní sùúrù, wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á tù ú, á pa ẹnu dé. Ó rù débi pé òrùka ń yọ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ti gbàgbé orúkọ mi, ó ti gbàgbé pé a fẹ́ra. Ó máa ń wò mí tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó jókòó tì í nínú bọ́ọ̀sì. Ni mo bá bu pepperpot sínú fúláàsì lọ́jọ́ kan, mo mú búrẹ́dì dání. Ṣíbí àkọ́kọ́ tó wọ ẹnu ẹ̀, ó gbójú sókè, ó pè mí ní orúkọ tí òun nìkan fi ń pè mí, ó ní ṣé mo ti gbé e kaná láàárọ̀ yìí.

Mo bú sẹ́kún níwájú nọ́ọ̀sì. Láti ọjọ́ náà, ohun tó ń jẹ nìyẹn. Ìgbà tó bá ń jẹ ẹ́ nìkan ló mọ̀ mí; bó bá ti gbé e mì tán, kò pẹ́, á tún ti lọ. Ṣùgbọ́n ó ń wá. Gbogbo ohun tó kù fún mi láyé pẹ̀lú ọkùnrin yìí kò ju ìwọ̀nba àkókò yẹn lọ, inú ìkòkò yẹn ló sì wà.

Lẹ́yìn náà ni òtútù àyà kọlù ú. Wọ́n ní kí n máa bọ̀, pé ó lè má là á. Mo sùn sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ fún bí ọjọ́ mélòó kan, mo ń gbọ́ bí èémí ṣe ń dún láyà ẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, tó ti dàgbà, tó ń ṣiṣẹ́ tó sì ń kàwé, ló ń sùn sílé tó ń gbé ìkòkò kaná. Àràárọ̀ ni mo ń pè é. Mo máa ń fi Yorùbá bi í, á fi òyìnbó Dublin dá mi lóhùn pé, "I did, Mam. It's grand. Stop worrying, will ya." Òótọ́ ló sì ń sọ.

Ọkọ mi là á. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ló la ojú, ibà ti lọ, dókítà ní tó bá lè jẹun á gbádùn. Mo ní oúnjẹ kọ́ ni ìṣòro. Mo wọ reluwé, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo ń kọrin ọpẹ́ lábẹ́ imú títí mo fi dé Corduff. Mo fẹ́ bu ọbẹ̀ kí n tún padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kí n tó ti ilẹ̀kùn wọlé ni òórùn ọṣẹ ti pàdé mi. Àwọn ìyá ìjọ kún ilé. Wọ́n ti gbọ́ pé ọ̀dọ̀ aláìsàn ni mo ń sùn, wọ́n ní àwọn ò ní jẹ́ kí n wá bá ilé ní dídọ̀tí. Ọmọ mi ló ṣílẹ̀kùn fún wọn kó tó lọ síbi iṣẹ́. Bí a ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn: bí nǹkan bá dé bá ẹnì kan, àwọn obìnrin á wá, wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á fọṣọ, wọ́n á fọ gbogbo ìkòkò, wọ́n á se tuntun. Èmi náà ti ṣe é fún àwọn ẹlòmíì lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n ti fọ kọ́tìnì mi. Wọ́n ti se ọbẹ̀ ata àti ìrẹsì sínú ìkòkò ńlá tí wọ́n gbé wá láti ilé, orí sítóòfù ló wà.

Ìkòkò ọkọ mi dojú délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì. Mi ò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Mi ò mọ̀ pé ó funfun lábẹ́ gbogbo dúdú yẹn.

Olórí wọn, ìyá kan tó fẹ́ràn mi dénú, fà mí mọ́ra. Mo bi í pé ọbẹ̀ inú ìkòkò yẹn ńkọ́.

"Ọbẹ̀ wo, ọmọ mi? Èyí tó dúdú yẹn? A ti bá ẹ dà á nù. Orí sítóòfù la bá a, kò sí nínú fíríìjì, a sì mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí o ò ti sí nílé. It was not looking fine at all. Kó má lọ run yín nínú."

Sister kan tó dúró tì í rọra fi kún un pé àwọn rí igi àti èèpo nínú ẹ̀, pé àwọn ò mọ ohun tí àwọn ará Ghana máa ń lò, nítorí náà àwọn ti gbàdúrà sí i kí àwọn tó dà á.

Ohun tó wá sí mi lẹ́nu lọ́jọ́ náà, mi ò lè kọ ọ́ síbí. Mo fẹ́ lé gbogbo wọn síta, kí n ju ìrẹsì wọn tẹ̀lé wọn. Mo wo ojú wọn. Òógùn wà níwájú orí wọn. Ọ̀kan nínú wọn, iṣẹ́ alẹ́ ló ti ń bọ̀, kò tíì sùn. Wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ta ni ó wá pa òwe fún ẹni tí olóore kó lẹ́rù lọ? Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.

"Ẹ ṣeun, mà," ni mo wí. "Ọlọ́run á san yín lẹ́san."

Ìyá náà fi ọwọ́ pa mí lórí, ó ní kí n má sunkún mọ́, pé ọkọ mi á dìde.

Bí wọ́n ṣe lọ tán, mo jáde lọ sẹ́yìn ilé. Omi ọbẹ̀ ti bá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ. Egungun ló wà nínú bíìnì, wọ́n sì ti da ilẹ̀ tí wọ́n gbá lé e lórí. Mo kiwọ́ bọ̀ ọ́. Mo mú egungun ẹsẹ̀ màlúù kan jáde, mo nù ún lára aṣọ mi, mo gbé e símú. Ọṣẹ ni. Aládùúgbò wa, obìnrin ará Ireland kan, yọjú láti ọgbà tiẹ̀, ó bi mí bóyá ara mi le. Mo ní grand. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?

Nígbà tí ọmọ mi dé tó rí ìkòkò, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú fíríìjì. Ó ní òun sọ fún wọn pé kí wọ́n má wọ yàrá òun. Kò wá sí òun lọ́kàn láti dárúkọ ìkòkò, nítorí pé lójú òun, ta ló lè fọwọ́ kàn án? Ó ń fi Yorùbá bẹ̀ mí, ohun tí kò ṣe láti kékeré. "Mọ́mì, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́." Mi ò bínú sí i. Ó rẹ̀ mí ni. Ó nu ojú, ó wá padà sí òyìnbó ẹ̀, ó ní a lè se òmíì, "there's still a bit of that yoke in the press." Ìgò cassareep tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ló ń wí.

Ó kù díẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò lóòótọ́. Mo ra ẹran, mo ra ẹsẹ̀ màlúù, mo se é bí ọkọ mi ṣe kọ́ mi, mi ò fo ohunkóhun. Ó hó, ó dúdú, ó ta sánsán. Ọmọ mi tọ́ ọ wò, ó ní kò sí ìyàtọ̀. Èmi náà tọ́ ọ wò. Ó dùn. Ìyẹn gan-an ló já mi láyà, pé ó kàn dùn ni, bí ọbẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè. Ti tẹ́lẹ̀ kì í dùn bẹ́ẹ̀. Ó ní ìkorò kan tó máa ń gbẹ̀yìn lẹ́nu, gbogbo ọdún tí a jọ lò ló wà nídìí ẹ̀, ọdún tí a bá ara wa jà àti ọdún tí a parí ìjà. Ọwọ́ wo ni mo fẹ́ fi bu ìyẹn sí i? Mo rọ ọ́ sínú fúláàsì, mo gbé e lé orí itan nínú reluwé, mo sì gbàdúrà lé e, èmi tí àdúrà ti sú.

Ìdí fèrèsé ni mo bá a, wọ́n ti fá irùngbọ̀n fún un. Òkun dákẹ́. Mo fi ṣíbí àkọ́kọ́ sí i lẹ́nu, mo sì dúró. Ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì, ó la ẹnu fún òmíràn. Mo fún un ní ìkejì. Mo ń wo ojú ẹ̀ bí ẹni ń wo ilẹ̀kùn tí àlejò á gbà wọlé. Ó jẹun gan-an lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì tó ń kọjá pàápàá yìn ín. Nígbà tó ṣe, ó na ọwọ́, ó fi dá ṣíbí dúró jẹ́jẹ́.

"Thank you, Miss," ló wí.

Ní ìlú wọn, bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin tí wọn ò mọ̀ rí nìyẹn, tí wọ́n bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún un, bí àwa ṣe máa ń sọ pé ẹ ṣé, mà. Ó ní ó dùn, pé mo mọ̀ ọ́n sè. Ó ní kí n má bínú pé òun ò lè jẹ ẹ́ tán, òun fẹ́ fi àyè sílẹ̀ de ti ilé. Mo bi í pé ta ló ń sè é fún un nílé.

"Ìyàwó mi ni," ló sọ ní òyìnbó ìlú wọn, ojú ẹ̀ sì mọ́lẹ̀ bí mi ò ṣe rí i láti ọjọ́ pípẹ́. "Ó ní ọ̀kan lórí iná níbẹ̀. Ó ti pẹ́ gan-an. Kò jẹ́ fi í sílẹ̀ kó bàjẹ́. Ẹ ò mọ̀ ọ́n."

Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Mo dé fúláàsì. Mo sọ fún un pé mo mọ̀ ọ́n, pé mo rí i láàárọ̀ yìí, pé ó ti gbé e kaná.

Ó ní òun mọ̀ pé á ti gbé e kaná, ó sì kọjú padà sí òkun.